Èkó Kì í Sọ Ẹnikẹ́ni Di Ọlọ́rọ̀: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tanke

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Tanke, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Típà Gáréèjì kọjá lọ sí Yunifásítì Ìlọrin láràárọ̀, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi òógùn ojú tọ́ wọn, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti ta gbòǹgbò láàárín wa débi pé ẹni tó bá ṣiyèméjì sí i, ojú ọ̀lẹ ni a fi ń wò ó: pé ẹni tó bá ti lè dé Èkó Àkéte ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́, àti pé ẹni tó débẹ̀ tí kò là, orí rẹ̀ ni kí ó lọ bi. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo fẹ́ fi ìwé pẹlẹbẹ yìí bì ṣubú, nítorí irọ́ ni, àwọn ọmọ wa ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Èmi kò sọ pé irọ́ náà kò ní orírun. Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó wá dé Ìlọrin ní 1908, ó sún etí òkun mọ́ wa. Èkó sì jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1991, tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá. Iṣẹ́ ọba púpọ̀ bá ọba lọ, ṣùgbọ́n òkìkí Èkó kò tíì kúrò lẹ́nu wa.

Ẹ̀rí tí a sábà máa ń gbé kalẹ̀ ni ti àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ wá ṣọdún Iléyá: ẹ wo mọ́tò lágbájá, ẹ wo aṣọ tí tàmẹ̀dò dá fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ nǹkan ló ń wálé ọdún. Ẹni tí Èkó tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í rówó ọkọ̀, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí ó yọjú. Àwọn tó dé là ń kà, a kò ka àwọn tí kò dé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Wọ́n tún ní owó oṣù Èkó ju ti ibí lọ. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó ni ọrọ̀. Òfin ilé yíyá tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 ka á léèwọ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, àwọn onílé níbòmíràn sì ń gba ti ọdún méjì bí ẹni pé kò sófin nílùú, kí a tó wá kan owó ajẹ́ńtì àti owó ìwé àdéhùn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká erékùṣù Èkó yóò gba Ìkòròdú lọ, yóò máa jí kí àkùkọ tó kọ, kí ó lè la Afárá Third Mainland kọjá, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń jẹ wákàtí tó yẹ kó fi kọ́ṣẹ́ tàbí kó fi sinmi.

Èyí tó wá ṣókùnkùn jù lọ sí àwa ará ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ omi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn ló ń wá omi; ní etí òkun, omi ló ń wá ènìyàn. Irà tí wọ́n fi yanrìn dí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lẹ́kí. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ páànù àti irin fèrèsé, omi kànga ibòmíràn kò sì ṣeé mu nítorí iyọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo sọ òpópónà Èkó di odò, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní Ayétòrò, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí ọrọ̀ rẹ̀ kàn káàkiri nígbà kan, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé mì. Kò bèèrè ta ni olówó.

Ìjọba náà a sì máa lé ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó àdúgbò Marókò, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Èkó, kí ó wádìí ní Alausa, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, bóyá ilẹ̀ ìjọba ni, kí ó tó tẹ́tí sí ọmọ onílẹ̀.

Wọn yóò ní mo ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Rárá o. Èkó gbe ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ọjà tí kálukú gbé débẹ̀ ni Èkó ń rà. Kò dá ẹnikẹ́ni lọ́lá nítorí pé ó dé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: iṣẹ́ wo ni mo mú lọ́wọ́, ta ni yóò sì gbé e fún mi? Níbo ni n óò máa sùn, báwo ló ṣe jìnnà síbi iṣẹ́ tó? Ṣé omi wọ ilé náà ní òjò èṣí, gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò ti wí, kì í ṣe ajẹ́ńtì? Èló ni yóò ṣẹ́kù lóṣù? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí wọn, kí ó máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí òbí kankan ní Tanke má ṣe ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí àtiyá yàrá fún ọmọ ní Èkó, nígbà tí ọmọ náà kò tíì rí ìdáhùn kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.