Owó Ọkọ̀ Ló Wálẹ̀, Owó Páàtì Kò Wálẹ̀

Níbi ìkómọjáde kan ní Ungwan Boro, ní Kaduna níhìn-ín, ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ gbẹnu lé àwọn ọ̀dọ́ wa. Ó ní kí wọ́n yé fowó ra Corolla, Porsche tòkunbọ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń rà, torí pé òyìnbó tó kọ́kọ́ rà á ti jẹ gbogbo àdánù orí rẹ̀ tán. Èrè nìkan ló kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi gidigidi. Irọ́ ni! Ẹni tí kò lówó tó lè fi ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tuntun kò lówó tó lè fi tọ́jú àlòkù rẹ̀.

Lóòótọ́, owó ọkọ̀ ìsáré olówó ńlá tètè máa ń já wálẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, ó lè dín sí ìdajì. Ta ló wá sọ fún un pé owó bíréèkì rẹ̀ náà dín sí ìdajì? Ẹni tó gba ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́ ṣì máa ra koríko. Owó òkèèrè la fi ń ra páàtì wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni dọ́là tí kò tó náírà 500 lọ́wọ́ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí.

Ó ní àdánù ti tán. Ó tán síbo? Ọ̀pọ̀ Porsche Boxster àti 911 tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2008 ní bíárìn kan nínú ẹ́ńjìnnì; bó bá fọ́, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ṣé èrè nìyẹn? Táyà ẹ̀yìn wọn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, ẹ ò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Abẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kí ló fẹ́ fi la kòtò àdúgbò wa kọjá nígbà òjò? Epo tó dára ju tiwa lọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, oríṣi bẹntiróòlù kan ṣoṣo sì ni ilé epo wa ń tà. Èyí tí kò tó náírà 200 ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀ kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí ti kọjá 600 nínú oṣù keje. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ tà á, àdánù tó ní ó ti tán yóò tún bẹ̀rẹ̀ lórí yín.

Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí à ń wa Peugeot 504. Ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna níbí. Mẹ́káníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n tún ṣe, páàtì rẹ̀ sì kún ọjà Panteka. Wọ́n ní ọkọ̀ akọ̀wé ni. Ọkọ̀ akọ̀wé yẹn ló gbé wa dé ibi tí a ń lọ, tiwọn wà lábẹ́ tapólì. N kò tíì gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye táyà mẹ́rin, bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní ọjà páàtì Ladipo ní Èkó. Ẹ wá ẹni tó lè tún un ṣe ní Kaduna, kì í ṣe ní Èkó. Bí ẹ ò bá lè san gbogbo rẹ̀ lónìí láìyá owó, ẹ má rà á. Ọkọ̀ tí apá yín ká ni kí ẹ rà.