"Èmi Kì Í Ta Tẹ́tẹ́, Ẹṣin Ni Mo Kàn Ń Yẹ̀ Wò"



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹṣin, tí ó sì tẹ orí rẹ̀ ba fún ọmọ ènìyàn láti gùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọmọkùnrin kan tí ó ti ń ka kéwú lọ́dọ̀ mi láti kékeré wá bá mi ní ilé kéwú wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, ìmọ̀ ìṣirò ni ó sì ń kọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó wá ń fi ìka ha ẹní. Ó ní:

"Ustaz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́. Mi ò fi kọ́bọ̀ lé ẹṣin kankan rí. Mo kàn máa ń yẹ àwọn ẹṣin tó fẹ́ sáré lọ́jọ́ kan wò ni, màá sọ èyí tí mo rò pé yóò gba ipò kìíní, àwọn èèyàn á sì san owó fún mi. Ṣé hárámù ni owó yẹn?"

Mo ní kí ó fi iṣẹ́ náà hàn mí. Ó ṣí fóònù rẹ̀. Eré ẹṣin ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni. Fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ó ti kọ bí ó ṣe ṣe nínú eré márùn-ún tí ó sá kẹ́yìn, ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n dì lé e, ẹni tí yóò gùn ún, bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àti bí ilẹ̀ ṣe rí. Ó ní ẹṣin kan wà tí kì í yege àfi bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀. Òmíràn a sì máa yára ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí ọ̀nà bá ti gùn, á rẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, orí mi wú. Mo rí i pé ọmọ yìí ní làákàyè, ó sì ní sùúrù.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé owó yẹn ni òun fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá òun lóṣooṣù. Ìbéèrè tí oògùn ìyá bá so mọ́, a kì í fi ìkanra dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí kì í ṣe hárámù. Àwọn kan nínú wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ "eré ẹṣin", wọn a ní iṣẹ́ Èṣù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ànábì wa fúnra rẹ̀, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣètò eré ẹṣin ní Mẹdínà. Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar pé àwọn ẹṣin tí wọ́n ti tọ́jú fún eré, tí ara wọn ti le, sáré láti Hafyaa títí dé Thaniyyatul-Wadaa, ọ̀nà tí ó tó bíi máìlì 5 tàbí 6. Àwọn tí wọn kò tíì tọ́jú bẹ́ẹ̀ sáré láti Thaniyyatul-Wadaa dé mọ́sálásí àwọn ọmọ Zurayq, bíi máìlì kan péré. Ọmọ Umar pàápàá wà lára àwọn tó gun ẹṣin lọ́jọ́ náà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ànábì kò kó gbogbo ẹṣin pọ̀ sójú kan. Ó wo ẹṣin, ó mọ agbára wọn, ó fi ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, kí eré lè jẹ́ òdodo, kí a má sì pa ẹranko lára. Nítorí náà, kí èèyàn mọ ẹṣin, kí ó lè sọ èyí tó yá àti èyí tó lọ́ra, ìmọ̀ ni. Ìmọ̀ náà kò ní ẹ̀bi kankan.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú náà kì í ṣe àjèjì sí ẹṣin. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta ni kì í fẹ́ rí ìdílé Balógun Kúkù àti àwọn ìdílé ológun yòókù bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin wọlé? Àwọn Mùsùlùmí ìjọ́sí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Títí di òní, a máa ń padà sílé, a ó jókòó, a ó máa jiyàn: ẹṣin ìdílé wo ló jó jù? Ta ló mọ ìjánu fà jù? Gbogbo wa ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ìyàn náà parí, a jẹ ẹran Iléyá, kò sí ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá ìyàn náà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Èkó: ibi tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, pápá eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní ọdún 1960.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà? Owó ni. Hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá fi yé wa pé ẹ̀bùn eré tọ́ nínú ràkúnmí, ẹṣin àti ọfà. Àwọn onímọ̀ sì là á fún wa. Bí aláṣẹ tàbí ẹlòmíràn tí kò sáré bá fi ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tó bá yege, ó tọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré bá ní, "Bí o bá ṣáájú mi, màá fún ọ ní báyìí," ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá da owó jọ pé kí ẹni tó bá yege kó gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti sọ pé ó di tẹ́tẹ́. Ẹni tí kò wá ní ẹṣin, tí kò gun ẹṣin, tí kò sí lórí pápá, tó kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó fi owó lé e pé èyí ni yóò ṣáájú, kò sí iyàn nínú tirẹ̀. Tẹ́tẹ́ pọ́ńbélé ni. Súrà Al-Maa'ida, aayah 90 àti 91, ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, ó ní ẹ̀gbin iṣẹ́ Èṣù ni, ó sì sọ ohun tí Èṣù ń fi í wá: ọ̀tá àti ìkórìíra láàárín wa, àti kí a gbàgbé Ọlọ́hun àti ìrun.

Ọmọ yìí ní, "Ustaz, ṣùgbọ́n ti èmi kì í ṣe oríire. Ìmọ̀ ni mo fi ń mú un."

Mo ní, "Ó dáa. Ìwọ tí o mọ ìṣirò, jẹ́ kí a ṣe é." A mú eré kan tí ẹṣin 6 fẹ́ sá. Ká ní ṣọ́ọ̀bù ní òun yóò san owó ẹni tó bá mú ẹṣin kìíní ní ìlọ́po 2.5, èkejì ìlọ́po 4, ẹ̀kẹta 5, ẹ̀kẹrin 8, ẹ̀karùn-ún 10, ẹ̀kẹfà 12. Èèyàn fẹ́ kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà wọlé fún òun, ẹṣin yòówù kó yege. Èló ni yóò fi lé wọn? Ó ṣírò rẹ̀: ₦4,000, ₦2,500, ₦2,000, ₦1,250, ₦1,000 àti ₦834. Ó rò ó pọ̀. Ó jẹ́ ₦11,584. Ẹni tó mú gbogbo ẹṣin, tí kò lè ṣàì mú èyí tó yege, ti pàdánù ₦1,584 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò nílò láti mọ ẹṣin. Ó ti gé tirẹ̀ kúrò lórí iye tó kọ sára ògiri.

Ìmọ̀ náà ní ibi tó mọ. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn tó mọ ẹṣin pọ̀ sí, ẹṣin tí gbogbo ayé gbà pé òun ni yóò yege kì í yege ju bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta lọ. Ní ọdún 1967, nínú eré ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand National ní ẹ̀bá Liverpool, àwọn ẹṣin iwájú kọlu ara wọn nídìí ọgbà kan tí wọ́n fẹ́ fò. Foinavon, ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tí wọ́n ti ní àwọn yóò san ọgọ́rùn-ún náírà lórí náírà kan bó bá yege, wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn tó wà ló gbà á là. Ó rí àyè kọjá, ó sì gba ipò kìíní. Àgbà ní ẹni tó bá gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ràkúnmí Ànábì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adbaa, tí wọn kì í lè yà, ará oko kan fi ràkúnmí tirẹ̀ yà á lọ́jọ́ kan. Ó dun àwọn sàhábà. Ànábì wa sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun ayé kan tí yóò ga tí Ọlọ́hun kò ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni ẹṣin inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò nínú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Ẹṣin yẹn kò ní ẹsẹ̀, kò jẹ koríko, òjò kò rọ̀ lé e lórí. Kọ̀ǹpútà ló yan nọ́ńbà, tó wá ya àwòrán lé e. Ẹni tó bá ń yẹ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ wò, kí ló ń yẹ̀ wò? Kò yàtọ̀ sí àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan tí wọ́n ń mi ọfà nínú àpò láti fi mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Aayah kan náà ló kà á mọ́ tẹ́tẹ́.

Ó kù síbi kan ṣoṣo: "Èmi kì í ta." Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló wà níbẹ̀. Nínú hádíìsì ọtí tí Tirmidhi gbà wá, èèyàn mẹ́wàá ni ègún kàn. Ẹni tó mu ún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún un wà níbẹ̀, ẹni tó rù ú wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn yìí lè máà fi ẹnu kan ọtí rí. Al-Maa'ida kan náà, ní aayah 2, ti kọ̀ fún wa kí a máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń sọ ẹṣin tí wọn yóò mú fún onítẹ́tẹ́, òun ló ń rọ ọtí sínú ife. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì dúró lé e.

Mo bi í pé, "Àwọn wo ló ń sanwó fún ọ?" Ó dákẹ́. Ó ní ọlọ́kadà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ òun wà níbẹ̀. Ó wá ní ọkùnrin kan kọ̀wé sí òun ní òru pé owó ilé ọdún kan lòun fi lé ẹṣin tí òun mú fún un, ẹṣin náà sì ṣe ipò kẹrin. Mo ní, "Owó tìrẹ ńkọ́, ṣé o dá a padà fún un?" Ó ní rárá. Ẹ rí i pé onímọ̀ràn nìkan ni kì í pàdánù. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó yege, ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò mú ọ̀rọ̀ Abubakri wá, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, pé ó bá àwọn Kuraiṣi dá ràkúnmí lé ọ̀rọ̀ pé àwọn ará Rúùmù yóò ṣẹ́gun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Tirmidhi sọ ọ́ pé kí wọ́n tó ṣe tẹ́tẹ́ léèwọ̀ ni. Àti pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nínú súrà Ar-Ruum ni Abubakri gbára lé. Ṣé ìwọ rí súrà tó dárúkọ ẹṣin tìrẹ?

Àwọn mìíràn yóò ní ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń fún èèyàn níṣẹ́, wọ́n ń ṣe àánú. Al-Baqara, aayah 219, kò sọ pé kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àwọn Lárúbáwá ìjọ́sí a máa fún aláìní ní ẹran ràkúnmí tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́. Àánú náà kò sọ ọ́ di hàláálì.

Kí wá ni ti oògùn ìyá? Mi ò lè ní kí ọmọ lọ máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ra oògùn. Mo ní kí ó ti ojú-ìwé tó fi ń ta ìmọ̀ràn náà, kí ó sì túúbá. Ànábì ní ẹni tó bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ta tẹ́tẹ́, kí ó ṣe sàdáà. Ẹni tó sì ti pe ọ̀pọ̀, kí ó ṣe é níwọ̀n agbára rẹ̀. Mo ní kí ó máa wá kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú wa ní ìṣirò ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Mo sọ iye tí a lè san. Kò tó ìdajì ohun tó ń rí. Mo lọ bá àwọn òbí mẹ́ta tí ọmọ wọn ń múra fún ìdánwò àṣewọlé, méjì gbà pé kí ó máa kọ́ ọmọ wọn nílé. Oògùn oṣù yìí, àwa ará mọ́sálásí la dá owó rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí èyí. Bí ọmọ yín bá ń mówó wálé, ẹ béèrè ibi tó ti rí i. Ẹ̀yin aṣíwájú mọ́sálásí, bí a bá ní kí ọ̀dọ́ fi hárámù sílẹ̀, kí a bá a wá ohun tí yóò dì mú. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì Rẹ̀ tó wa, kí ó má jẹ́ kí a jẹ lórí ìṣubú ẹlòmíràn. Kí ó fún ìyá ọmọ náà ní àlàáfíà. Àmín.

Wassalaamu alaykum warahmatullahi wabarakaatuhu.