Ọbẹ̀ ni ààpọ̀n, kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ lórí ààpọ̀n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ nílé ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ láti bí ọdún mẹ́jọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan tó ń ta àgbo kiri ọjà sọ fún un pé bó bá ń bu ìyẹ̀fun ààpọ̀n lá láràárọ̀, àrùn náà yóò lọ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́, ó sì kó oògùn dókítà tì. Kò tó oṣù méjì tí a fi gbé e dé ọsíbítù, kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ṣé mo wá ń bá ààpọ̀n jà ni? Rárá o! Ọbẹ̀ ààpọ̀n ni wọ́n fi tọ́ èmi pàápàá dàgbà. Kóró inú èso òro ni, òun náà ni àwọn Ìgbò ń pè ní ọ̀gbọ̀nọ̀. Tí a bá lọ̀ ọ́, tí a pò ó mọ́ epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a wá da omi ẹran sí i, ọbẹ̀ á ki, á sì máa fà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń fa omi mọ́ra tó sì ń wú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òun náà ló lè mú kí oúnjẹ rọra kọjá nínú ikùn, kí ṣúgà má ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ alágbo náà tó jẹ́ òtítọ́, òun ló sì fi mú ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Kamẹrúùnù fi ènìyàn 102 ṣe ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ 10. Wọ́n ní àwọn tó lo ohun tí wọ́n fà yọ lára kóró yìí fọn, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò ní 2013, wọ́n ní kò tíì kúnjú ìwọ̀n débi tí a ó fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lò ó. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ṣì jìn!

Lílá a ní gbígbẹ tún ní ewu tirẹ̀. Irúgbìn kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ gúà, ìyẹ̀fun rẹ̀ náà máa ń mú oúnjẹ ki. Díẹ̀ rẹ̀ nínú áísìkirimù kò léwu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ṣe oògùn oníhóró tí ń dín sísanra kù ní Amẹ́ríkà, ó wú sí àwọn kan lọ́nà ọ̀fun, wọ́n dèrò ọsíbítù. Ní 1990 ni ìjọba ibẹ̀ gbógun tì í. Ohun tó bá ń wú, omi ló yẹ kó ti mu yó kó tó dé ọ̀fun ènìyàn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ra kóró ààpọ̀n, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín. Òróró inú rẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n bá ti lọ̀ sílẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi irú àti ẹja gbígbẹ sè é, kí ẹ jẹ ẹ́ ní àjẹgbádùn. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ rántí pé iyán ràbàtà tí ẹ fi ń jẹ ẹ́ lè ba gbogbo oore rẹ̀ jẹ́. Oògùn yín ńkọ́? Ẹ má fi sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sórí oògùn rẹ̀ báyìí. Ó ṣì ń jẹ ààpọ̀n, ṣùgbọ́n inú àwo ọbẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Oǹdó.