Nọ́ńbà Ara Táyà Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Agbára Rẹ̀

Láàárín àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ díje ní òpin ọ̀sẹ̀, pàápàá ní Amẹ́ríkà níbi tí irú eré bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ kì í béèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ìgbàgbọ́ náà ni pé nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ TREADWEAR ní ara táyà ni ó ń sọ bí táyà náà yóò ṣe gbá ilẹ̀ mú tó. Pé bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni táyà náà ṣe lágbára tó. Àti pé táyà méjì tí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ, tí ó fi jẹ́ pé iye owó nìkan ni ó kù tí ènìyàn yóò fi yan ọ̀kan nínú wọn. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ó ń mú kí awakọ̀ náwó sí ohun tí kò bá ìlò rẹ̀ mu, ó sì lè mú kí ó gbẹ́kẹ̀ lé táyà tí yóò já a kulẹ̀ ní kọ́nà tí ó ti nílò rẹ̀ jù.

Irú ìdíje méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àkọ́kọ́ ni autocross: wọn a to kóònù, ìyẹn àmì rọ́bà ṣóńṣó tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì máa ń gbé sílẹ̀, sí orí ilẹ̀ gbalasa bíi ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọn kò lò mọ́, wọn a fi ya ipa-ọ̀nà tí ó kún fún kọ́nà híhá, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì dá sá a láti bá aago díje, tí ìsáré kan kì í sábàá ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Èkejì ni wíwa ọkọ̀ ní pápá eré tí wọ́n kọ́ fún un, irú bí Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York tàbí Laguna Seca ní California, níbi tí awakọ̀ ti ń yí po fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsinmi, tí eré ń ga gan-an ní ọ̀nà tí ó lọ tààrà, tí bíréèkì àti táyà sì ń gbóná sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Táyà tí àwọn awakọ̀ ìdíje méjèèjì wọ̀nyí ń wá ni èyí tí òfin gbà kí ó rìn ní títì gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n po rọ́bà rẹ̀ kí ó lè sún mọ́ táyà eré gidi.

Orísun nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ti tó láti tú ìgbàgbọ́ náà wò. Òfin ààbò ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1966 ni ó pàṣẹ pé kí ìjọba ṣètò ọ̀nà tí ẹni tí ń ra táyà yóò fi lè fi ọ̀kan wé òmíràn, àjọ NHTSA, tí ó ń rí sí ààbò ìrìnnà ojú títì ní orílẹ̀-èdè náà, sì gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó ní òṣùwọ̀n mẹ́ta: bí ojú táyà ṣe ń jẹ, bí táyà ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ tí omi wà, àti bí ó ṣe ń fara da ooru. Agbègbè San Angelo ní ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti ń wọn ti àkọ́kọ́. Àwọn ọkọ̀ a tò tẹ̀lé ara wọn ní títì tí gbogbo ènìyàn ń gbà, lórí ipa-ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 400 máìlì, wọn a máa yí i po títí ìrìn wọn yóò fi pé 7,200 máìlì, wọn a wọn bí ojú táyà tí wọ́n ń dán wò ṣe jẹ tó, wọn a sì fi wé bí táyà ìfiwọ̀n tí ìjọba yàn ṣe jẹ ní ipa-ọ̀nà kan náà. Táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 200 ni èyí tí ìṣirò fi hàn pé yóò pẹ́ ní ìlọ́po méjì èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 100 lórí ipa-ọ̀nà yẹn. Kò sí ibì kankan nínú ìdánwò náà tí wọ́n ti ń yí kọ́nà dé òpin agbára táyà, wọn kì í tẹ bíréèkì bí awakọ̀ ìdíje ṣe ń tẹ̀ ẹ́, rọ́bà kì í sì í gbóná dé ibi tí ó máa ń gbóná dé ní pápá eré. Bí rọ́bà ṣe ń pẹ́ tó lábẹ́ ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n wọ̀n. Ẹni tí ó bá sì rò pé lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, AA tàbí A, ni yóò dí àlàfo yìí, kí ó mọ̀ pé orí ilẹ̀ ọ̀dà àti ti kọnkéré tí wọ́n bu omi sí ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, pé táyà tí bíréèkì ti há pa ni wọ́n ń wọ́ lọ tààrà lórí eré 40 máìlì ní wákàtí, àti pé ìdánwò náà kò kan yíyí kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ilẹ̀ gbígbẹ.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ó gba nọ́ńbà yìí gbọ́ kì í sábàá mẹ́nu kàn: ilé iṣẹ́ tí ó ṣe táyà ni ó ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Ìjọba gbé ọ̀nà ìdánwò kalẹ̀, ó sì lè yẹ táyà wò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń wọn táyà kọ̀ọ̀kan kí ó tó dé ọjà. Àjọ NHTSA fúnra rẹ̀ ti fìgbà kan rí àléébù ètò náà débi pé ní 1983 ó dá òṣùwọ̀n jíjẹ táyà dúró, nítorí pé àbájáde ìdánwò kò dúró sójú kan, àwọn ilé iṣẹ́ kò sì gba ọ̀nà kan náà yan nọ́ńbà wọn, èyí tí ó lè ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà. Ẹgbẹ́ Public Citizen, tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington, ilé ẹjọ́ sì fagi lé ìdádúró náà ní 1984, nítorí pé àjọ náà kò ṣe àlàyé tí ó tó fún ohun tí ó ṣe. Òṣùwọ̀n náà padà, ó sì wà títí di òní. Àmọ́ pípadà rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí wọn kò ṣètò rẹ̀ fún. Bí iyèméjì bá lè wà lórí bí ó ṣe ń wọn pípẹ́ táyà, tí í ṣe iṣẹ́ tí a dá a fún gan-an, mélòó mélòó ni iyèméjì tí ó yẹ kí ó wà lórí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Bí rọ́bà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an sì tún tako ìgbàgbọ́ náà. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni rọ́bà ń gbà gbá ilẹ̀ mú. Ọ̀kan ni pé ojú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ fún ìgbà kúkúrú tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó ti ń kọjá lórí rẹ̀; èkejì ni pé ó ń rì sáàárín àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà lójú títì, ó ń tẹ̀, ó sì ń lọ́ra láti padà sí ipò rẹ̀, tí ìlọ́ra náà sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn kí ó má bàa yọ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni ó sinmi lórí bí rọ́bà ṣe gbóná tó ní àkókò náà. Bí ó bá tutù jù, ó le, ó sì ń yọ̀; bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ó rọ̀ jù, ojú rẹ̀ a máa yọ́, a sì máa bó. Irú rọ́bà, òróró, oje igi, èédú dúdú àti sílíkà tí àwọn onímọ̀ pò pọ̀ ni ó ń pinnu ibi tí ooru tí ó dára jù fún táyà kan wà. Jíjẹ táyà ní tirẹ̀ tún ní àwọn ìdí mìíràn: bí ojú táyà ṣe jinlẹ̀ tó láti ilé iṣẹ́, bí àwọn ègé rọ́bà ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti bí ó ṣe ń gbá ooru dà nù. Nítorí náà, táyà kan lè pẹ́ ní ojú títì San Angelo kí ó sì yára tán ní pápá eré, òmíràn sì lè ṣe òdìkejì rẹ̀.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìgbàgbọ́ náà, òun náà ni ó sì fún un lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú àwọn táyà tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sábà máa ń rọ̀ ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn pé táyà ojoojúmọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 600 yóò ṣẹ́gun táyà 200 nínú autocross. Ṣùgbọ́n bí ìfiwéra bá ti kúrò nínú ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tàbí tí nọ́ńbà méjì bá ti súnmọ́ra, kò sí ohun tí ó kù tí nọ́ńbà lè sọ. Hoosier, tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ táyà eré ní Amẹ́ríkà, ṣe A7 fún autocross ó sì ṣe R7 fún pápá eré. 40 ni nọ́ńbà àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe wọ́n kò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, nítorí pé A7 ń tètè gbóná, R7 sì ń fara da ooru pípẹ́. Nitto NT01 ń jẹ́ 100, àwọn awakọ̀ pápá eré sì mọ̀ ọ́n sí táyà tí ń pẹ́ tí kì í yí ìwà padà. Yokohama Advan A052 ń jẹ́ 200, ó sì wà lára àwọn tí ó máa ń yára jù nínú ìsáré kúkúrú, àmọ́ ó máa ń tètè tán. Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà yan láàárín àwọn méjì wọ̀nyí yóò mú òdìkejì ohun tí ó ń wá. Hankook Ventus RS4 náà ń jẹ́ 200 bíi A052, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdúró ni ó ń yìn ín, nítorí pé ó lọ́ra láti gbóná, ó sì lọ́ra láti tán.

Ìbéèrè kan ni pé kí ni ó dé tí táyà tí ó yàtọ̀ síra tó báyìí fi kó jọ sórí 200. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ tí ó tóbi jù ní Amẹ́ríkà lórí autocross, Sports Car Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ṣòfin pé táyà tí yóò díje ní ìsọ̀rí ọkọ̀ ojú títì kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà tí ó kéré sí 200. Èrò rere ni ó bí òfin náà: wọn kò fẹ́ kí ẹni tí ó lówó jù máa ra táyà tí yóò tán lọ́jọ́ méjì kí ó sì fi borí ẹni tí kò ní in. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnubodè ti jẹ́ 200, ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ ta táyà fún àwọn oníjà kọ́nà wọ̀nyí yóò po táyà tí ó lágbára jù tí ó lè po, yóò sì rí i dájú pé 200 ni ó kọ sí i lára. Bí Bridgestone Potenza RE-71RS, Falken Azenis RT660, Kumho Ecsta V730 àti A052 ṣe bá ara wọn pàdé níbẹ̀ nìyẹn. Àmì ìwọlé sí ìdíje ni 200 dà ní ara wọn, ẹgbẹ́ náà sì mọ èyí, nítorí òfin rẹ̀ tún béèrè pé kí ojú táyà jinlẹ̀ dé ìwọ̀n kan láti ilé iṣẹ́, ó sì fún ẹgbẹ́ lágbára láti yọ táyà kan kúrò láìka nọ́ńbà rẹ̀ sí.

Bí nọ́ńbà kò bá ṣe é gbára lé, ohun tí ó yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ wò ni bí ìsáré rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Nínú autocross, kọ́nà àkọ́kọ́ ti dé kí táyà tó gbóná rárá, nítorí náà èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ṣì tutù ni ó níye lórí. Ọkọ̀ fífúyẹ́ kan tí awakọ̀ kan ṣoṣo ń wà ní òwúrọ̀ títutù lè má mú táyà líle gbóná rárá títí ọjọ́ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ méjì bá ń pín ọkọ̀ kan wà, tí ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ tí èkejì ń gùn ún, ooru a kó jọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń fọ́n omi sí táyà láàárín ìsáré kan sí òmíràn ní ìdíje àgbà ti orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n ti ń ṣe lórí ilẹ̀ kọnkéré ní Lincoln, ìpínlẹ̀ Nebraska, láti 2009. Táyà tí ó dára jù fún ọkọ̀ àkọ́kọ́ lè máà dára jù fún ọkọ̀ kejì, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ bára mu.

Ní pápá eré, ooru kì í ṣọ̀wọ́n. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ìṣòro. Ọkọ̀ tí ó wúwo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára yóò sun táyà autocross láàárín ìyípo mélòó kan, awakọ̀ yóò sì ṣàkíyèsí pé kọ́nà tí ó yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn ní ìyípo kejì ti ń tì í síta ní ìkẹfà. Atẹ́gùn inú táyà náà ń lékún bí ó ti ń gbóná, nǹkan bí páùn kan fún ìlékún ooru 5 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú pápá tí táyà ṣì gbóná ni ó yẹ kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì dín in kù. Fífẹ̀ rímù náà ṣe pàtàkì, nítorí pé táyà tí wọ́n fún mọ́ rímù tóóró yóò máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan ojú rẹ̀ ni yóò sì máa ru ẹrù gbogbo. Bákan náà ni bí wọ́n ṣe dẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ sínú, torí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán yóò fi etí òde táyà rẹ̀ jó títí yóò fi jẹ dé wáyà, kí àárín rẹ̀ tó jẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń díje. Ọ̀rọ̀ TREADWEAR kan náà wà lára ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ń tà ní Èkó àti Ìbàdàn, tuntun àti tòkunbọ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi í ṣe ẹ̀rí pé táyà kan lágbára ń ṣe àṣìṣe kan náà, pẹ̀lú ewu tí ó tún pọ̀ sí i, nítorí pé nọ́ńbà náà kò sọ ọjọ́ orí táyà. Rọ́bà ń le bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí ooru ti ń wọ inú rẹ̀ tí ó sì ń jáde, ṣùgbọ́n 200 tí wọ́n tẹ̀ sí i lára kì í yí padà. Ibi tí ọjọ́ orí wà ni ìparí ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, níbi tí nọ́ńbà mẹ́rin ti ń tọ́ka sí ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà mẹ́rin náà sí, tí ẹ̀gbẹ́ yẹn sì lè kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ń ra táyà wò ó kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀, kí ó sì tẹ èékánná mọ́ ojú rọ́bà náà láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń rì tàbí ó ti gan.