Jogbo: Kí Ẹwà Ẹ̀bá Ọ̀nà Má Di Wàhálà Inú Oko

Ẹni tó bá gba títì tó jáde láti Abẹ́òkúta ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ọdún yóò rí òdòdó pupa rúsúrúsú kan tó tò lọ rẹrẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà, bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n tẹ́ aṣọ ayẹyẹ síbẹ̀. Jogbo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, nítorí pé ewé rẹ̀ korò púpọ̀. Tithonia ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún wò lẹ́bàá ọ̀nà lè di ọ̀rọ̀ mìíràn bó bá wọnú oko.

Jogbo kì í ṣe ewéko ilẹ̀ Yorùbá. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò àti àwọn tó múlé tì í ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Torí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí wọ́n lè máa gbìn ín sí àgbàlá àti ọgbà òdòdó. Láti inú ọgbà yẹn ló ti sá bọ́ síta. Irúgbìn rẹ̀ pọ̀ jọjọ, ó sì fúyẹ́. Bí wọ́n bá gé e, á tún rú láti ìdí. Bí igi rẹ̀ tútù bá bọ́ sílẹ̀ lásìkò òjò, ó lè ta gbòǹgbò. Bó bá sì dàgbà, ó máa ń ga ju èèyàn lọ, ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní rí oòrùn.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ọ̀tá àgbẹ̀ ni jogbo àbí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Wọn kì í fi ojú lásán dá irú ẹjọ́ yìí. Lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, láti ọdún 1997, ìbéèrè 49 ni ìjọba fi ń yẹ ewéko àjèjì wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ ó ti da ilẹ̀ ibòmíràn rú rí? Ǹjẹ́ ó lè tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀? Ǹjẹ́ ó máa ń pa ohun ọ̀gbìn lára?

Bí wọ́n bá bi jogbo ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò dára tó. Ní South Africa, òfin ti kà á mọ́ àwọn ewéko àjèjì tí wọ́n gbọ́dọ̀ kápá. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ìwádìí tó jáde ní 2007 fi hàn pé omi ara jogbo lè dí ìhù àti ìdàgbà ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ó ní apá tó dára pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Kenya ń gé ewé rẹ̀ tútù sínú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀, nítorí pé ó tètè ń jẹrà, ó sì ń dá ọ̀rá padà sí ilẹ̀ tó ti ṣá. Fún àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò ká ajílẹ̀ inú àpò, ohun kékeré kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí jogbo ṣe ń rìn kúrò lẹ́bàá títì wọnú ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kó sinmi. Ewéko tó dúró sójú kan fún ọdún mẹ́wàá kò jọ èyí tó ń sún wọlé lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ọbáfẹ́mi-Owódé tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ san owó ìṣánko, yóò sì tún san owó ìroko léraléra. Ìyá tó háyà ilẹ̀ kékeré kò ní agbára ìyẹn.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ewé tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937 pẹ̀lú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tó ń jẹ́ Sri Lanka báyìí. Lónìí, oko wo ni kò sí? Ewéko ojú omi tí Òyìnbó ń pè ní water hyacinth náà, òdòdó ẹlẹ́wà ni wọ́n fi ṣe káàkiri ayé. Ní 1984 ni wọ́n rí i ní agbègbè Badagry. Kò pẹ́ tó fi di ìdènà fún ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n apẹja.

Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn tó wà l'Abẹ́òkúta láti 1988 jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n rìn lẹ́bàá àwọn títì, kí wọ́n kan èèkàn mọ́ ibi tí jogbo dé, kí wọ́n sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan láti wò ó bóyá ó ti kọjá èèkàn. Àgbẹ̀ pàápàá lè ṣe èyí lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ibi tó bá ti ń wọlé, kí wọ́n gé e kó tó tanná, nítorí pé bó bá ti so irúgbìn, iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ti di ìlọ́po. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀, ewé àti ọ̀jẹ̀lẹ́ orí rẹ̀ nìkan ni kó lò, kó jẹ́ kó jẹrà dáadáa kó tó gbin nǹkan. Ẹni tó ń wá òdòdó fún ìloro ilé rẹ̀, kó wá òmíràn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Jogbo kì í ṣe ìrókò, ṣùgbọ́n àdá àgbẹ̀ ṣì ká a báyìí. Kí wọ́n má dúró dìgbà tí àdá kò ní ká a mọ́.