Ẹ̀tọ́ Opó Ológun ní Amẹ́ríkà
Ní Amẹ́ríkà, bí ọgbẹ́ tàbí àìsàn tí ológun kó lẹ́nu iṣẹ́ bá pa á, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fẹ̀yìn tì, ìjọba àpapọ̀ máa ń san owó oṣooṣù fún opó rẹ̀. DIC ni wọ́n ń pe owó náà.

Ìwé ẹ̀rí ikú ni wàhálà ibẹ̀. Dókítà lè kọ àìsàn ọkàn sí i láìdárúkọ Agent Orange, oògùn tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi pa igbó nígbà ogun Vietnam. Bẹ́ẹ̀, ìlànà ìjọba ti so irú àìsàn ọkàn kan mọ́ oògùn náà láti ọdún 2010, òfin PACT ti ọdún 2022 sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Kò pọn dandan kí àìsàn ẹnu iṣẹ́ nìkan ló pa olóògbé. Bó bá lọ́wọ́ gidi nínú ikú náà, ó tó.

Ìyà ni kí opó máa wá ìwé ilé ìwòsàn kiri láti fi ìdí èyí múlẹ̀ nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀. Síbẹ̀, kó má fi falẹ̀: ẹni tó bá béèrè fún owó náà kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú ni wọ́n ń ka owó rẹ̀ láti oṣù tí olóògbé kú.