Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ẹ Yéé Pe Takeda Ní Machu Picchu

Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀kan nínú wa gbé fóònù rẹ̀ sókè kí olùkọ́ tó wọlé, ó ní ká wá wo àwòrán kan. Òkè ni. Kùrukùru funfun bo òkè náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ìbàdí, ògiri òkúta sì yọ lórí kùrukùru bí ẹni pé ojú sánmà ni wọ́n mọ ọ́n sí. Ẹnu ya gbogbo wa. Ìgbà tí a ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí wa: "Machu Picchu ilẹ̀ Jàpáànù." Ó parí. Wọn ò dárúkọ òkè, wọn ò dárúkọ ìlú, wọn ò sọ ẹni tó mọ ògiri náà tàbí ohun tó mú kó dahoro.

Orúkọ ibẹ̀ ni Takeda. Ahoro ilé olódi ni, ó wà lórí òkè kan tó ga ní mítà 353.7 nílùú Asago, ní ìpínlẹ̀ Hyogo, níhà ìwọ̀ oòrùn Jàpáànù. Ẹ má ṣe rò pé ó bá Takeda Shingen, ọ̀gágun tó lókìkí nínú ìtàn wọn, tan o. Orúkọ ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè ló ń jẹ́. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ń pe Takeda ní Machu Picchu kò yìn ín. Ó gba ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì fi aṣọ àyálò bò ó.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé, kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú òkè Jàpáànù? A ò tíì dé ibẹ̀ rí, owó ọkọ̀ òfurufú kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé la kà, àwòrán la wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa lójoojúmọ́ ni pé orúkọ kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí a kàn so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé Takeda nígbà náà, kí ẹ tó sọ fún wa pé a ń jà lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé ní nǹkan bí ọdún 1441 ni Yamana Sozen, olórí ogun tó ní àṣẹ lórí agbègbè Tajima, ní kí wọ́n kọ́ ilé olódi sórí òkè náà, ó sì fi ìdílé Otagaki ṣọ́ ọ. Yamana yìí kan náà ló di olórí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì tó kojú ara wọn nínú ogun Onin láti 1467 títí dé 1477, ogun tó sọ apá tó pọ̀ nínú ìlú Kyoto di eérú. Kì í ṣe ìgbádùn ló gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dé orí òkè. Oríta ni Takeda wà. Ẹni tó bá dúró lókè ibẹ̀ ń wo àfonífojì odò Maruyama kedere, ẹni tó ń bọ̀ láti Harima kò lè yọ́ kọjá, ẹni tó ń bọ̀ láti Tanba náà kò lè yọ́ kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni fàdákà wà nínú ilẹ̀ ní Ikuno, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá di Takeda mú, ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí fàdákà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe jà dù ú. Lọ́dún 1577, Hideyoshi, tó jẹ́ ọ̀gágun Oda Nobunaga nígbà náà, rán Hidenaga àbúrò rẹ̀ wọ Tajima, Takeda sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún padà wá lọ́dún 1580, ìṣàkóso ìdílé Otagaki parí síbẹ̀. Lọ́dún 1585 ni wọ́n fi ibẹ̀ fún Akamatsu Hirohide, òun ló sì jẹ olórí kẹ́yìn níbẹ̀. Erùpẹ̀ àti igi ni wọ́n fi ṣe odi àkọ́kọ́. Ògiri òkúta tí ẹ ń rí nínú àwòrán, àsìkò ìkẹyìn yìí ni wọ́n mọ ọ́n, Akamatsu sì ni wọ́n sọ pé ó parí rẹ̀.

Ẹ wo ògiri náà dáadáa. Òkúta tí a kò gbẹ́ ni, ńlá àti kékeré, tí wọ́n fi ọgbọ́n kó léra láìsí sìmẹ́ńtì, láìsí amọ̀. Ọgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀lé abúlé Ano lẹ́bàá adágún Biwa ni. Àlàfo tó wà láàárín òkúta kì í ṣe àbùkù, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde kó má baà ti ògiri ṣubú. Ògiri náà gùn ní nǹkan bí 400 mítà láti àríwá sí gúúsù, ó sì tó 100 mítà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ti lé ní irínwó ọdún tó ti dúró síbẹ̀. Àwọn tó ru òkúta yẹn gun òkè, orúkọ wọn kò sí lórí ògiri. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí orúkọ ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí kù.

Ó wá ku Akamatsu. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tó mọ idà nìkan. Ó fẹ́ràn ìwé. Ọ̀rẹ́ Fujiwara Seika ni, ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ aṣáájú nínú ẹ̀kọ́ Confucius ní Jàpáànù. Nígbà tí Hideyoshi kógun ja Kòríà, wọ́n kó ọ̀mọ̀wé ará Kòríà kan tó ń jẹ́ Kang Hang lẹ́rú wá sí Jàpáànù lọ́dún 1597. Akamatsu wà lára àwọn tó náwó nára kí ọ̀mọ̀wé yìí lè da àwọn ìwé Confucius kọ sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: olórí ogun tó ń mọ ògiri lórí òkè, tó tún ń fi owó rẹ̀ ṣe ìwé.

Lọ́dún 1600, ogun Sekigahara bẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ni Akamatsu wà, ẹgbẹ́ náà sì fìdí rẹmi. Ó yí padà sí ẹgbẹ́ Tokugawa Ieyasu, ó bá wọn lọ kọlu ilé olódi Tottori, iná sì jó ìlú tó yí ibẹ̀ ká. Wọ́n ka ẹ̀sùn iná náà sí i lọ́rùn. Títí dòní, àwọn onítàn ń ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tí ẹ̀bi náà tọ́ sí gan-an. Àṣẹ tó jáde ni pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Ọ̀yọ́, tó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n ní kí ọba ṣí igbá wò, kò nílò kí a ṣàlàyé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Akamatsu kú, wọ́n pa Takeda tì lọ́dún yẹn kan náà. Igi jẹrà, òrùlé wó, òkúta nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní Machu Picchu, èwo nínú gbogbo èyí ló wà ní Machu Picchu? Òkè Pẹ́rù ló wà, ó ga ní nǹkan bí 2,430 mítà. Àwọn Inca ló kọ́ ọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọba Pachacuti ló ni ín, ibi ìsinmi òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Òkúta tibẹ̀, wọ́n gbẹ́ èyí tó dára jù nínú wọn títí tí abẹ fi ṣòro láti kì bọ àárín wọn. Òkúta Takeda, wọn kò gbẹ́ ẹ. Ọ̀kan jẹ́ ibi ìsinmi ọba, èkejì jẹ́ ibùdó ogun. A gbà pé ìjọra wà: òkè ni méjèèjì, òkúta ni méjèèjì, kùrukùru ń bo méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ìbejì pàápàá bá jọra tó, Táíwò ni Táíwò, Kẹ́hìndé ni Kẹ́hìndé. Àwọn méjì yìí kò sì tan rárá.

Ohun tó dùn wá jù ni pé Takeda ní oríkì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Torafusu-jo ni wọ́n ń kì í, ìyẹn ilé olódi ẹkùn tó dùbúlẹ̀, nítorí pé bí èèyàn bá wo òkè náà láti òkèèrè, ó jọ ẹkùn tó na ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná! Ta ló ní irú oríkì yẹn nílé tó ń lọ yá ti ẹlòmíràn lò? Ẹkùn tó dùbúlẹ̀ ń sọ fún ọ pé ibi tí à ń ṣọ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń wo ọ̀nà ni. Machu Picchu kò sọ nǹkan kan fún ọ nípa Takeda àfi pé o ti rí àwòrán tó jọ ọ́ rí.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní orúkọ yìí ló ń mú àlejò wá, pé àlejò ló ń mú owó wá, kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí fíìmù Anata e, tí Takakura Ken ṣe, jáde lọ́dún 2012 tó sì ṣàfihàn Takeda, tí àwòrán kùrukùru náà sì ń tàn káàkiri pẹ̀lú ìnagijẹ rẹ̀, èrò ya lọ síbẹ̀. Láàárín ọdún kan, láti 2013 sí 2014, wọ́n ju 500,000 lọ. Ẹsẹ̀ pa koríko, òjò gbá erùpẹ̀ lọ, àfọ́kù àwo òrùlé àti òkúta ìpìlẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà Akamatsu yọ síta. Ilé tó la ogun kọjá fẹ́ẹ̀ má lè la bàtà àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìlú Asago ní láti dí àwọn ọ̀nà kan, kí wọ́n tẹ́ nǹkan sórí ilẹ̀, kí wọ́n sì máa gba owó ìwọlé. Àwọn kan ráhùn sí owó yẹn. Àwa rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

A ò sọ pé orúkọ nìkan ló fa ọ̀gbàrá èrò náà. Ohun tí a ń sọ ni pé orúkọ àyálò ń kọ́ àlejò bí yóò ṣe wo nǹkan. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé Machu Picchu ló ń lọ wò, àwòrán ló ń wá. Bí kùrukùru kò bá sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, yóò ní kò sí ohun tí òun rí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ibi tí Akamatsu gbé kẹ́yìn ni, yóò rìn jẹ́jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá ní àǹfààní àtilọ, bí a ṣe gbọ́ pé wọ́n ń lọ nìyí. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn dé ìdí òkè gan-an, ní ibùdókọ̀ Takeda. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni òpópónà àwọn tẹ́ńpìlì wà, níbi tí wọ́n ti ń rántí Akamatsu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ má sáré gun òkè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ gòkè lọ síbi tí ilé gíga wọn dúró sí láàárín, kí ẹ sì wo bí ògiri ṣe na apá jáde láti ibẹ̀. Fún kùrukùru, òwúrọ̀ kùtù ìgbà ìwọ́wé ni, orí òkè kejì tó dojú kọ Takeda, ní Ritsuunkyo, sì ni ẹ óò ti rí i. Ẹni tó wà lórí Takeda fúnra rẹ̀ kò lè rí ìrísí yẹn. Ìyẹn nìkan tó láti kọ́ wa pé ibi tí à ń wò láti òkèèrè àti ibi tí a wọ inú rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èyí tí a ń bẹ̀ yín lé lórí kò ná yín lówó. Àwòrán yẹn yóò tún kàn yín lórí fóònù láìpẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ nu ìnagijẹ yẹn kúrò, kí ẹ kọ èyí sí i: Takeda, ilé olódi ẹkùn tó dùbúlẹ̀, Akamatsu Hirohide ló gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, ó dahoro lọ́dún 1600. Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò pè é ní Machu Picchu, ẹ sọ fún un pé ọmọ náà ti ní orúkọ kí àlejò tó dé.